Ewé Tí Mo Fi Sẹ́nu Ọ̀nà Ẹ̀pẹ́

Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tí mo ru odindi ọ̀nì ààyè láti Ẹ̀pẹ́ dé ọjà Ìmọ̀tà. Ẹsẹ̀ lásán ni mo fi rìn ín, mi ò wọ bàtà. Ọ̀nì náà gùn jù mí lọ lọ́nà mẹ́ta, ìrù rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ tẹ̀lé mi bí aṣọ ìyàwó ṣọ́ọ̀ṣì. A ò tíì rin ìdajì ọ̀nà tí oorun fi gbé e lọ lórí mi, ló bá ń hanrun. Nígbà tí a dé ẹnu ọjà, ó lajú, ó bi mí bóyá a ti dé. Mo ní a ti dé. Ó ní kí n rọra sọ òun kalẹ̀, ẹ̀yìn ń dun òun.

Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, lórí pápá tó wà lẹ́yìn ẹ́sítéètì kan ní Ìkòròdú, níwájú àwọn èèyàn bíi mẹ́rìnlá tí wọ́n wọ kánfáàsì, tí wọ́n gbé ike omi dání. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí ẹnì kan fi jókòó sílẹ̀. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ń parọ́, mo máa ń fajú ro kí irọ́ náà lè dùn, ṣùgbọ́n ẹ̀rín á máa yọ́ rìn nínú ikùn mi. Lọ́jọ́ yẹn mo wá a nínú ikùn mi, kò sí níbẹ̀.

Ìyàwó mi ti kú ní bí oṣù márùn-ún ṣáájú. Ó yẹ kí n kọ ohun tó ṣe mí síhìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ṣe mí. Ṣé ẹ mọ bí ẹsẹ̀ ṣe ń rí bí èèyàn bá jókòó lé e pẹ́, tí ẹ bá gbá a, tí yóò dà bí ẹni pé ẹsẹ̀ ará ilé kejì lẹ gbá? Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn. Mo ń jẹun, mo ń sùn, mo ń kírun. Àwọn tó wá kí mi ní Ọlọ́run yóò tù mí nínú, mo ní àmín. Wọ́n ṣe àdúà ogójì ọjọ́, mo bá wọn pín mọ́ínmọ́ín. Lẹ́yìn náà mo gbé àga síwájú ilé, mo jókòó, mo ń wo adìyẹ aládùúgbò kan tó ń tú ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà. Mo wò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. N kò lè sọ fún yín báyìí bóyá dúdú ni tàbí pupa.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, obìnrin ni. Inú ẹ́sítéètì yẹn ni òun, ọkọ rẹ̀ àti àwọn ọmọ wọn ń gbé, ilé tèmi wà ní òpópónà ẹ̀yìn. Ìdájí ni wọ́n ń jáde lọ síbi iṣẹ́ ní Èkó, ìrọ̀lẹ́ pátápátá ni wọ́n ń dé. Nígbà tó yá, ọ́fíìsì ọkọ rẹ̀ ní kó máa bọ̀ ní Àbújá. Ọmọ mi wá bá mi níbi tí mo ti ń wo adìyẹ. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó wọlé lọ, ó ṣí ìkòkò wò, ó tún jáde.

"Bàámi, mi ò lè fi yín sílẹ̀ kí ẹ máa bá adìyẹ gbé," ó ní. "Tí ẹ bá rí àwọn èèyàn tí ẹ jọ ń ṣe nǹkan kí àwọn ọmọ tó gba ọlidé, ẹ ó dúró. Tí ẹ ò bá rí, a jọ ń lọ nìyẹn."

Mo ní ó dáa. Kì í ṣe pé mo fẹ́ràn ilé náà. Mi ò fẹ́ràn nǹkan kan nígbà yẹn. Ṣùgbọ́n àga kékeré tí ìyàwó mi máa ń jókòó lé bó bá ń ṣa ẹ̀wà wà nínú ilé ìdáná. Ó dojú kọ fèrèsé, bó ṣe fi í sílẹ̀ gan-an. Kò sẹ́ni tó tíì sún un. Mo mọ̀ pé bí a bá kó lọ sí Àbújá, ẹnì kan á sún un. Ìyẹn nìkan ni ìdí tí mo fi ń wá èèyàn kiri.

Ọmọ mi náà ló júwe àwọn arìnrìn-ẹsẹ̀ fún mi. Àwọn ọlọ́fíìsì ni wọ́n. Wọ́n á jókòó nínú mọ́tò lọ sí Èkó, wọ́n á jókòó níbi iṣẹ́, wọ́n á jókòó nínú mọ́tò bọ̀, ọjọ́ márùn-ún gbáko. Bó bá di Sátidé, wọ́n á kóra jọ, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó. Wọn ò ní oko níbẹ̀, wọn ò wá igi ìdáná, wọn ò dẹkùn. Wọ́n á kàn rìn wọ̀ ọ́, wọ́n á rìn jáde. Nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́, mo rò pé ilé ẹjọ́ ló rán wọn.

Èmi kọ́ ni ó yẹ kó máa bá wọn rìn. Ọdún méjìlélógún ni mo fi dúró ti ẹ̀rọ tó ń ṣe ọ̀rá tí wọ́n fi ń di ọjà nínú ilé-iṣẹ́ kan, lágbègbè ibi tí àwọn ilé-iṣẹ́ pọ̀ sí ní Ìkòròdú. Bọ́ọ̀sì ilé-iṣẹ́ ló ń gbé mi lọ, òun ló ń gbé mi bọ̀. Ìdúró ni ẹsẹ̀ mi mọ̀, kò mọ ìrìn. Ìwé náà kò sì wọ orí mi jìnnà. Nígbà tí mo wà ní kíláàsì kẹrin, olùkọ́ ní kí n lọ pe bàbá mi wá, mo ṣì ń bọ̀ lọ́nà títí dòní.

Àwọn ẹgbẹ́ yìí ní àṣà kan. Ọjọ́ tí ẹni tuntun bá dé, wọ́n á dúró yípo, oníkálùkù á sọ ẹni tí òun jẹ́, iṣẹ́ tí òun ń ṣe, àti ìgbà àkọ́kọ́ tí òun fẹsẹ̀ rìn wọ igbó. Àwọn àtijọ́ náà á tún tiwọn sọ. Ọjọ́ tèmi, èmi àti obìnrin kan ni ẹni tuntun.

Alága wọn ló bẹ̀rẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì, ó ga, bàtà rẹ̀ funfun bí ẹyin. Ó ní nígbà tí òun jẹ́ àgùnbánirọ̀ ni òun kọ́kọ́ wọ igbó. Wọ́n ní kí àwọn sáré yí àgọ́ po, òun sáré, òun já sí kòtò, òun sì dùbúlẹ̀ sínú kòtò náà tí òun ń wo ojú ọ̀run, òun ò fẹ́ jáde mọ́. Ọmọge kan tó ń ṣe ìṣirò ní ọ́fíìsì kan ní Ìkẹjà sọ pé bọ́ọ̀sì ló bàjẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́ lọ́nà Ṣágámù. Ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n, ó ní òun ò ní wọ igbó, ó fara da á, ó fara da á, nígbà tó wá wọlé, òun àti ewúrẹ́ kan ló kojú ara wọn, àwọn méjèèjì sì figbe ta. Wọ́n bi í léèrè ta ló kọ́kọ́ sá. Ó ní ewúrẹ́ náà kò tíì kúrò níbẹ̀ títí dòní.

Lẹ́yìn náà ló kàn mí, mo ru ọ̀nì mi.

Ẹni tuntun kejì ló dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Agbẹ̀bí ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Wọ́n sọ ọ́ ní Ìyá Ẹ̀pẹ́ lójú ẹsẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín púpọ̀ sí ọ̀nì mi. Ó fi ojú agbẹ̀bí wò mí, ojú tí wọ́n fi ń wo ẹni tó ní oṣù mẹ́jọ ni oyún òun.

"Òṣùká kí lẹ fi ru ọ̀nì yẹn, Bàbá?" ó bi mí.

"Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ," mo ní. "A fi omi wọ́n ọn díẹ̀ kó má baà rún sí wa lójú."

 Ó yíjú sí àwọn yòókù, ó ní ti ọ̀nì kò yé òun, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ òṣùká yẹn ti ru ẹja gba ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ rí, tàbí kó ti bá ẹni tó rù ú gbé. Pé mo ti rù ú rí nìkan ni wọ́n gbọ́. Nígbà tó kàn án láti sọ tirẹ̀, gbólóhùn méjì péré ló sọ: Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí òun, àwọn sì máa ń ru ẹja.

Ibẹ̀ ni Alága ti ní ó ti pẹ́ tí òun ti ń fẹ́ kí ẹgbẹ́ rin ọ̀nà ẹsẹ̀ àtijọ́ tó wọ Ẹ̀pẹ́, amọ̀nà ni àwọn ò rí. Ọlọ́run ti wá gbé amọ̀nà dé. Orúnkún ń dun Ìyá Ẹ̀pẹ́, ó ní ẹ̀yìn ni òun yóò máa rìn. Gbogbo wọn bá yíjú sí mi.

Ó yẹ kí n sọ nígbà yẹn pé mi ò rin ọ̀nà náà rí. Mo mọ̀ pé ó yẹ. Ṣùgbọ́n ìtìjú náà kò sí lára mi, gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rín kò ṣe sí. Mo ní ọ̀la kọ́ ni, kí wọ́n fi í sí Sátidé mẹ́ta òní kí n lè tún ẹsẹ̀ mi ṣe. Sátidé yẹn gan-an ló ṣáájú ọlidé àwọn ọmọ.

Nígbà tí mo sọ fún ọmọ mi, ó wò mí.

"Ṣé ẹ mọ ọ̀nà Ẹ̀pẹ́ ni, Bàámi?"

Mo ní ta ni kò mọ̀ ọ́n. Ó ní ó dáa, òun yóò wa mọ́tò lọ dúró dè wá létí ọ̀sà ní Ẹ̀pẹ́, kí òun fojú ara òun rí i. Bí òun bá rí mi láàárín àwọn èèyàn mi, ọ̀rọ̀ parí. Mo rí i pé ó ti gbàgbọ́ ní ìdajì. Ìdajì tó kù ló wà lọ́wọ́ ẹsẹ̀ mi.

Ọjọ́ náà pé. A kóra jọ sí Gáréèjì Ìkòròdú ní òwúrọ̀. Àwọn ọlọ́kadà rí wa pẹ̀lú kánfáàsì àti ọ̀pá, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ṣé mọ́tò yín kọṣẹ́ ni àbí ìyàwó lé yín jáde?" Alága ní ìrìn ni àwọn fẹ́ rìn. Ọ̀kan nínú wọn ní kò sí ohun tí owó ò lè ṣe, àwọn kan á lówó títí tí wọ́n á fi ra ìyà. A wọ bọ́ọ̀sì, a kọjá Ìmọ̀tà, a tún lọ síwájú, títí a fi dé abúlé kan tó ní ọjà kékeré, tí kò jìnnà sí Ẹ̀pẹ́ mọ́. Ibẹ̀ ni ọ̀nà ẹsẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ó yẹ kí n ti sọ òótọ́ fún ẹ̀yin tó ń kà mí, bí mi ò tilẹ̀ sọ ọ́ fún wọn. Ohun gbogbo tí mo mọ̀ nípa ọ̀nà yẹn, ẹnu ìyàwó mi ni mo ti gbọ́ ọ. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni. Ìyá rẹ̀ máa ń yan ẹja, àwọn obìnrin agboolé wọn á sì rù ú gba inú igbó wá sí ọjà abúlé yìí. Láti ọmọ ọdún méje ló ti ń bá wọn ru tirẹ̀. Ọgbọ̀n ọdún ó lé ni a fi jọ gbé, kò sí ọdún kan tí kò sọ ìtàn náà. Mo máa ń gbọ́ ọ bí èèyàn ṣe ń gbọ́ rédíò tó ń ké nílé ẹlòmíì. Òṣùká yẹn ló wọ̀ mí létí, nítorí ó fi aṣọ ìnura ká a lórí ara rẹ̀ lọ́jọ́ kan láti fi hàn mí. Ìyókù, ìlàjì ló wọlé.

Mo fọgbọ́n ṣe é. Mo rí bàbá àgbẹ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà, mo kí i bí ẹni tí a jọ dàgbà, mo bi í bóyá ọ̀nà wa ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ó wà, ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa yanrìn ti da ibẹ̀ rú. Mo mi orí bí ẹni tó ti mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A wọ igbó. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ fi pín sí méjì. Alága ń yára, ọmọge oníṣirò náà ń yára, àwọn ọkùnrin méjì kan wà pẹ̀lú wọn, èmi náà sì wà níwájú nítorí amọ̀nà ni mí. Àwọn yòókù ń bọ̀ lẹ́yìn pẹ̀lú Ìyá Ẹ̀pẹ́ àti orúnkún rẹ̀. Nígbà yẹn, fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kárí ni. Alága ní ọ̀kan, ó ń gbé e sókè láàárín àwọn igi bí ẹni tó ń wá òjò. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé ibẹ̀.

Bí a ṣe dé oríta nìyẹn. Ọ̀nà kan lọ sápá òsì, ó fẹ̀. Èkejì lọ sápá ọ̀tún, ó tín-ín-rín, koríko ti fẹ́ bò ó.

Mo dúró. Mo gbìyànjú láti gbọ́ ohùn ìyàwó mi. Ó sọ ọ̀rọ̀ oríta yìí, mo mọ̀ pé ó sọ ọ́. Ó ní òsì, tàbí ó ní ọ̀tún, ṣùgbọ́n láti Ẹ̀pẹ́ ni ìtàn tirẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀, àwa sì ń bọ̀ láti ìdí ìtàn náà. Ohun kan ṣoṣo tí mo rántí dáadáa ni ewé. Ó ní ẹni iwájú máa ń já ewé tútù sẹ́nu ọ̀nà ní oríta, kí ẹni ẹ̀yìn lè mọ̀.

Mo yan ọ̀nà tó fẹ̀. Mo já ewé, mo tò ó sẹ́nu ọ̀nà náà dáadáa, mo fi òkúta lé e. Mo ṣàlàyé fún Alága pé báwọn àgbà ṣe ń ṣe é nìyẹn, pé bí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn bá rí ewé, wọ́n á mọ̀ pé ibẹ̀ la gbà. Alága fẹ́ràn rẹ̀. Ó ní ọgbọ́n àwọn baba wa dára ju fóònù lọ.

A rìn fún bí wákàtí kan. Ọ̀nà náà túbọ̀ ń fẹ̀ sí i, nígbà tó yá mo rí ojú ẹsẹ̀ táyà nínú rẹ̀. Mo ti mọ̀ nígbà náà pé kì í ṣe obìnrin ẹlẹ́ja ló la ọ̀nà yẹn. Mo kàn ń rìn lọ ni. Ọ̀nà náà parí lẹ́nu kòtò yanrìn ńlá kan tí omi ti kún. Àbàtà yí i ká. Alága ní bóyá a lè gba etí rẹ̀ kọjá. Ó gbé ẹsẹ̀ kan síbẹ̀, ẹsẹ̀ náà wọlé dé orúnkún. Nígbà tí a fà á jáde, bàtà funfun kò bá a jáde.

Ó dúró lórí ẹsẹ̀ kan, ó wò mí.

"Bàbá, ṣé ibí lẹ gbé ọ̀nì yẹn gbà?"

"Ọ̀nì ló mọ̀nà nígbà yẹn," mo ní. "Mo kàn ń gbé e ni."

Ọmọge oníṣirò náà rẹ́rìn-ín débi pé òun náà yọ̀ ṣubú sínú ẹrẹ̀. Àwa tó kù náà wọ̀ ọ́ níbi tí a ti ń fà á. Ẹrẹ̀ náà tutù, ó dé mi lórúnkún. Mo rántí pé mo ronú pé ó tutù, bí ẹni tó ń kà á nínú ìwé.

A padà sí oríta. Ewé mi ṣì wà níbẹ̀ lábẹ́ òkúta, kò sẹ́ni tó fẹsẹ̀ kàn án. A dúró de àwọn tó wà lẹ́yìn. A dúró pẹ́. Ẹnikẹ́ni ò yọ. Ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ wo ilẹ̀ ló rí ojú ẹsẹ̀ kánfáàsì lóríṣiríṣi tó wọ ọ̀nà tín-ín-rín lọ. Wọ́n ti dé ibẹ̀, wọ́n rí ewé, wọ́n sì gba ibòmíì.

 Èèyàn mẹ́wàá wà nínú igbó tí a ò mọ ibi tí wọ́n wà, pẹ̀lú obìnrin arúgbó kan tí orúnkún ń dùn, èmi ni mo sì kó wọn wá. Ó yẹ kí àyà mi já. Mo dúró dè é kó já. Kò já. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni àga ilé ìdáná, pé wọ́n á sún un nísinsìnyí.

A gba ọ̀nà tín-ín-rín náà. Ó gbé wa kọjá oko ẹ̀gẹ́, ó gbé wa kọjá odò kékeré kan tí wọ́n fi igi méjì dá afárá lé. Mo rántí igi méjì náà nígbà tí mo rí i. Ìyàwó mi sọ ọ́. Ó ní ìyá òun máa ń ní kí òun má wo ìsàlẹ̀. Mo wo ìsàlẹ̀. Omi ni.

Nígbà tí a fi máa já sí Ẹ̀pẹ́, oòrùn ti kúrò lórí. A sọ̀ kalẹ̀ lọ sí etí ọ̀sà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja, gbogbo àwọn tó wà lẹ́yìn sì jókòó lórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ń jẹ ẹja, ara wọn mọ́ tónítóní. Wọ́n ti dé ibẹ̀ láti bíi wákàtí méjì. Ọmọ mi wà láàárín wọn. Ó dìde dúró. Ó ti dúró de bàbá rẹ̀ tó jẹ́ amọ̀nà fún wákàtí méjì, gbogbo àwọn tí ó ń fọ̀nà hàn sì ti dé ṣáájú rẹ̀. Ó wo ẹrẹ̀ ara mi láti òkè dé ilẹ̀.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n má dá mi lẹ́bi, èmi ni mo fi ewé dí ọ̀nà búburú fún àwọn. Nígbà tí àwọn rí ewé lẹ́nu rẹ̀, àwọn mọ̀ pé a ò gbọdọ̀ gba ibẹ̀.

"Àmọ́ àwa gbà á," Alága ní. Ó dúró síbẹ̀ pẹ̀lú bàtà kan.

"Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lẹ lágídí," Ìyá Ẹ̀pẹ́ ní. "Bàbá ní láti tẹ̀lé yín kí ẹ má baà kú síbẹ̀."

Ó sọ ọ́ láìṣẹ́jú. Mo ti ń parọ́ láti kékeré, mi ò rí ẹni tó ń pa á fún mi rí. Alága ya ẹnu, ó pa á dé. Mo rí i tí ìdajì ọmọ mi tó kù ń yí bọ̀ sọ́dọ̀ mi. Bí mo bá ti dákẹ́, ilé di tèmi, àga dúró síbi tó wà.

Ṣùgbọ́n Alága kò lè dákẹ́. Ó fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rere bo bàtà tó sọnù. Ó ní ọmọ mi gbọ́dọ̀ máa yangàn, bàbá rẹ̀ ló ru ọ̀nì gba ọ̀nà yìí lọ́mọ ọdún méje, tó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ṣe òṣùká, tó fi omi wọ́n ọn kó má baà rún sí i lójú.

Ọmọ mi ò wo Alága. Èmi ló ń wò.

"Bàámi, orí ta ni òṣùká yẹn wà?"

Òun ni ìyá rẹ̀ sọ ìtàn náà fún jù lọ. Ó gbọ́ ọ nígbà tí wọ́n ń di irun fún un, ó gbọ́ ọ nígbà tó ń ṣàìsàn. Mi ò rántí ìyẹn nígbà tí mo ń jí i lò. Ìyá Ẹ̀pẹ́ wo inú omi. Mo lè sọ pé àwa méjèèjì la jọ rù ú. Mo ti ní irọ́ náà lẹ́nu, ó ti gbóná.

"Orí ìyá rẹ ni," mo ní. "Èmi ò gba ọ̀nà yìí rí títí di òní."

Gbogbo wọn gbọ́ ọ. Alága wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tí kò ní bàtà, ó ní "Háà," jẹ́jẹ́. Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí tí àwọn ẹlẹ́ja fi yíjú wò wá, àwọn ẹgbẹ́ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a rẹ́rìn-ín, títí kan Alága. Nígbà tó tán, ọmọ mi jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì.

"Láti ọjọ́ tí a ti sin Màámi, ẹ ò sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan," ó ní. "Mo rò pé ẹ ti gbá wọn dànù ni. Ìdí tí mo fi ń kó yín lọ nìyẹn."

 Mo ní ẹrẹ̀ ti ń gbẹ sí mi lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n dúró sí Ìkòròdú, ṣùgbọ́n kí n máa lọ bá wọn rìn ní gbogbo Sátidé, kí n sì máa pe òun lórí fóònù bí mo bá dé, kí n sọ ibi tí a rìn dé fún òun. Ó ní kí n sọ ibi tí a rìn dé gan-an, kì í ṣe ibi tó wù mí.

Ìyá Ẹ̀pẹ́ dúró kí ọmọ mi lọ gbé mọ́tò, ó wá kọ́ mi ní ewé. Ẹnu ọ̀nà tí èèyàn kò gbà ni wọ́n ń fi ewé sí. Ewé tútù, má gba ibí. Ó ní ẹni tó bá ru ẹja rí kì í gbàgbé rẹ̀, nítorí náà ni òun ṣe mọ̀ pé mi ò rù ú rí lójú ẹsẹ̀ tí òun dé oríta. Mo bi í bóyá ó mọ̀ pé inú ọ̀nà ewé náà ni a wà. Ó ní òun mọ̀. Ó ní òun mọ̀ pé a máa padà.

Wọ́n kó lọ sí Àbújá nígbà ọlidé. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ń lọ, ọmọ mi wọ ilé ìdáná láti dágbére, ó fa àga ìyá rẹ̀ kúrò lójú fèrèsé, ó jókòó lé e, ó mu tíì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà títí tó fi mu ún tán. Nígbà tó lọ, mo fi àga náà sílẹ̀ síbi tó fà á sí.

Mo ṣì ń bá ẹgbẹ́ rìn. Bí ẹni tuntun bá dé, tí ó bá kàn mí, mo máa ń sọ pé mo dúró ti ẹ̀rọ ọ̀rá fún ọdún méjìlélógún, ìyàwó mi sì ru ẹja lọ́mọ ọdún méje. Alága á ní kí n sọ ti ọ̀nì. Mo máa ń sọ ọ́, kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín kí a tó gbéra.

Ó ku àwọn ohun tí mo fọwọ́ ara mi dá. Kò sí ọ̀nì. Awọ́nríwọ́n kan ló sáré kọjá níwájú ìyàwó mi nígbà yẹn, ó ju agbọ̀n ẹja sílẹ̀, ìyá rẹ̀ sì nà án. Wọn ò ru ẹja dé Ìmọ̀tà. Èmi fúnra mi, lọ́mọ ọdún méje, mi ò tíì rìn kọjá kànga ilé wa. Ìyẹn, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Èyí tí ẹ ò mọ̀ ni pé mo kọ ọ́ sókè pé ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín létí ọ̀sà. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú mi, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹrẹ̀ kúrò lẹ́sẹ̀ mi, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, ó pẹ́ kó tó lè sọ̀rọ̀. Ẹ̀rín yẹn ni mo fi kún un.